Bí Ọkọ̀ Tòkúnbọ̀ Tí Ẹ Rà Bá Lábùkù: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ìkẹjà àti Agége

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní kùtùkùtù lọ sí ilé iṣẹ́ ní Ọba Akran, Àgídìngbì àti Ògbà, àti ẹ̀yin oníṣòwò Agége, tí ẹ fi owó àjọ àti owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀, tí oṣù kan kò tíì pé tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ fi ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, tí jíà rẹ̀ kò wọlé mọ́, tí ẹni tó tà á sì ń sọ pé, "Bí ẹ ṣe rí i lẹ ṣe rà á." Gbólóhùn yìí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́ ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ òfin kò gbà pé òun ni òpin ẹjọ́.

Òfin méjì ló ń ṣọ́ irú ọjà báyìí. Èkíní ni òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893, tí wọ́n mú wọ ilẹ̀ wa, tí ìpínlẹ̀ Èkó sì ti sọ di tirẹ̀. Èkejì ni òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ààbò oníbàárà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, tí ó sì gbé àjọ FCCPC kalẹ̀. Òfin ti 2018 ní ọjà gbọ́dọ̀ wúlò fún iṣẹ́ tí a ń fi irú rẹ̀ ṣe, kí ó sì lò pẹ́ níwọ̀n tó bójú mu. Bí ọjà bá jẹ́ àlòkù, olùtà gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba pé àlòkù ni. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀rí ìtajà fún oníbàárà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè ra ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá kí ó retí pé kó dà bí tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí olùtà là á yé pé jíà ọkọ̀ kò dára, tí ó sì gbà bẹ́ẹ̀, kò lè torí jíà yẹn padà wá jà.

Ohun tí olùtà fi ẹnu sọ lágbára ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ní ọdún 1967, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin 1893 yìí kan náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tó rí ìpolówó ọkọ̀ Triumph Herald, tí wọ́n ní ti ọdún 1961 ni, tí ó lọ wò ó, tí ó sì rà á, kí wọ́n tó wá rí i pé ìdajì ọkọ̀ méjì ni wọ́n jó pọ̀: ẹ̀yìn nìkan ló jẹ́ ti 1961, iwájú jẹ́ ti ọkọ̀ tó dàgbà jù ú lọ. Ẹni tó tà á kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀, òun alára kò sì mọ̀; síbẹ̀ ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, nítorí ọkọ̀ náà kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà ti fojú rí i kí ó tó sanwó. Ẹyin lohùn. Nítorí náà, bí olùtà bá ní ọkọ̀ kò ní jàǹbá rí, tàbí pé wọn kò tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú risíìtì, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, nọ́ńbà ṣásì rẹ̀, àti orúkọ òun àdírẹ́sì olùtà gan-an, kì í ṣe ti alágbàtà nìkan. Ó ń dùn wá púpọ̀ pé àwọn tó ń ṣe làálàá fún owó wọn ń san mílíọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání lọ wo ọkọ̀, kì í ṣe èyí tí olùtà yàn fún yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí omíyalé bò mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, irú èyí tó tẹ̀lé ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017, ni wọ́n máa ń tà ní gbàǹjo. Nọ́ńbà ṣásì, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti fígọ̀ mẹ́tàdínlógún, lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wò pẹ̀lú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó bá ti Kútọnu gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọjọ́ náà, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Bí àbùkù bá ti yọjú, ẹ má ṣe jáfara, nítorí bí a kò bá tètè mú olè, olè a mú olóko. Òfin 1893 ka ẹni tó di ọjà mú pẹ́ láìkọ̀ ọ́ sí ẹni tó ti tẹ́wọ́ gbà á: kò lè dá a padà mọ́, owó gbà-máà-bínú nìkan ló kù tí ó lè béèrè. Ẹ dẹ́kun wíwà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnì kí olùtà tó rí i. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ dárúkọ àbùkù náà àti ohun tí ẹ ń fẹ́, yálà àtúnṣe tàbí owó yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ àti ìwé báǹkì, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́.

Bí olùtà bá kọ etí ikún, ẹ lè lọ sí Citizens Mediation Centre, ibùdó ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, tí kì í gba kọ́bọ̀. Tàbí kí ẹ fi ẹjọ́ sun LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí FCCPC. Bí owó tí ẹ ń béèrè bá jẹ́ iye pàtó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, kóòtù ẹjọ́ kékeré tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2018 wà fún yín. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín láìgba lọ́yà, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí ìdájọ́ wáyé láàárín ọgọ́ta ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó náà lọ́wọ́ olùtà.

Àṣà kan wà tí a kò fẹ́: kí wọ́n sáré lọ kó ọlọ́pàá wá mú olùtà nítorí pé ọkọ̀ bàjẹ́. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bí ìwé ọkọ̀ bá jẹ́ ayédèrú, tàbí tí ọkọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n jí, ọ̀ràn dídá ni ìyẹn. Àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣásì àti orúkọ ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín.