A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Irin Tí Mo Dè Mọ́ Iwájú Ọkọ̀ Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, yálà ẹ fi ń kó ọjà ni tàbí ẹ fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ni ará yòókù. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Olùkọ́ ni mí ní Ìrèé, ìyàwó mi sì ń ta aṣọ ní ọjà Ìkìrun. Toyota Corolla tí a ṣe ní ọdún 1998 ni a ní, tòkunbọ̀ ni. Òun ni ó ń gbé àwọn ìbejì wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni ó ń kó ẹrù ìyá wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí ó kọjá, ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ẹsẹ̀ òsì iwájú. Bí mo bá bọ́ sí kòtò, a dún “kò!” Bí mo bá ń yí kọ́nà, imú rẹ̀ a fẹ́ lọ síbi tí n kò darí rẹ̀ sí. Olùkọ́ kan tí mo jù lọ ní ilé ẹ̀kọ́ wa wá sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, irin ìdábùú ni yóò wo ọkọ̀ yín sàn.”

KÍ NI IRIN YÌÍ?

Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín. Ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹ ó rí ibi gíga méjì tí ó dà bí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì iwájú àti sípíríǹgì rẹ̀ fi orí tì. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ilé ṣọ́ọ̀kì. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Earle MacPherson ni ó ronú irú ṣọ́ọ̀kì tí ó dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní. Ford Consul àti Ford Zephyr tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1950 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975 lò ó níwájú, bẹ́ẹ̀ náà ni Corolla tèmi.

Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, táyà ẹ̀gbẹ́ òde a máa ti ilé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sínú, irin ara ọkọ̀ a sì tẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí ojú kò lè rí. Irin ìdábùú ni a ń nà láti ilé kan dé èkejì kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́, bí ìtì igi àjà ṣe ń di ògiri méjì mú. Àwọn onífọ́ọ̀dù ń pe irú irin bẹ́ẹ̀ ní irin Monte Carlo, nítorí ìdíje Monte Carlo tí ọkọ̀ Falcon kópa nínú rẹ̀ ní ọdún 1963 àti 1964. Wọ́n sì ṣe òmíràn tí ó di ilé ṣọ́ọ̀kì méjèèjì mọ́ ara ọkọ̀, fún àwọn Mustang tí ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè níbi tí ọ̀nà kò ti dára. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà búburú ti wà tipẹ́!

BÍ MO ṢE DÈ É

Mo ra tèmi ní Òṣogbo lọ́wọ́ ẹnì kan tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo gbé ọkọ̀ sí abẹ́ igi máńgòrò, mo kó sípánà sílẹ̀. Lórí ilé ṣọ́ọ̀kì Corolla yìí, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ni ó yí ká, ọ̀kan ńlá sì wà láàrin. Èmi òpè, ti àárín ni mo fi sípánà lé. Mẹ́káníìkì àgbà kan tí ń kọjá lọ ni ó kígbe láti ojú ọ̀nà pé, “Tíṣà! Ẹ fi í sílẹ̀! Ikú ni!” Ó ṣàlàyé pé nọ́ọ̀tì àárín yẹn ni ó tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá tú u láìkọ́kọ́ fi irinṣẹ́ tí ó yẹ di sípíríǹgì náà mú, ó lè fò jáde kí ó sì pa á.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun yẹ ọkọ̀ náà wò kí n tó de irin mọ́ ọn. Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n, kò tó bẹ́ẹ̀.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Iṣẹ́ tí ó kù kò le. N kò fi jáàkì gbé ọkọ̀ rárá, nítorí ìwúwo ọkọ̀ lórí táyà ni ó ń mú kí ṣọ́ọ̀kì dúró sí àyè rẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta apá kan, mo gbé ẹsẹ̀ irin náà lé orí àwọn bóòtì, mo sì dá nọ́ọ̀tì padà láìtíì fún wọn, kí n tó lọ sí apá kejì. Mo yí ọ̀pá àárín títí ó fi bá àyè mu, tí kò ti ilé ṣọ́ọ̀kì, tí kò sì fà á. Lẹ́yìn náà ni mo tó fún gbogbo rẹ̀. Kí bónẹ́ẹ̀tì má bàa máa gbá irin náà, mo fi òkèlè ẹ̀bà kan sí orí rẹ̀, mo rọra pa bónẹ́ẹ̀tì dé, mo sì tún ṣí i. Ẹ̀bà náà tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì nípọn tó ìka kan. Àyè wà nìyẹn. Àwọn ìbejì fi mí rẹ́rìn-ín títí.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni ayọ̀ mi fi wà. Ariwo náà rọlẹ̀. Mo ń yangàn láàrin àwọn olùkọ́, mo tilẹ̀ júwe ẹni tí ń ta irin náà fún àwọn méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejìlá, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ń bọ̀ láti Ìkìrun, ẹrù aṣọ kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Òjò ti rọ̀, omi bo ojú ọ̀nà. Táyà òsì bọ́ sí kòtò. “Gbàù!” Sítíárìn yí mọ́ mi lọ́wọ́, imú ọkọ̀ sì kọjú sí ibi tí tírélà kan ti ń bọ̀. Mo tẹ bíréèkì, mo fi gbogbo agbára mi fà á sínú koríko. Tírélà náà kọjá lọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ nínú wa, àfi Kẹ́hìndé tí ó bú sẹ́kún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́káníìkì àgbà yẹn ni mo lọ bá. Ó fọ ẹrẹ̀ kúrò, ó ha ọ̀dà dúdú tí ó wà lára ilé ṣọ́ọ̀kì òsì. Ìpáàrà ti jẹ ẹ́ láti abẹ́, ó sì ti ya yí ká dé ìdajì. Ó ní, “Tíṣà, nǹkan yìí ti ń ya kí ẹ tó ra irin. Irin yìí ni ó ń dì í mú, òun náà ni ó sì fi bò mọ́ yín lójú.” Ìyàwó mi kò pariwo. Ohun tí ó sọ kò ju pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ lọ kun àtíkè sí ojú egbò.”

Àwọn páńẹ́lì-bítà àti wẹ́dà gé irin tí ó ti jẹrà kúrò, wọ́n fi tuntun jó o mọ́ ọn. A pààrọ̀ rọ́bà tí ó wà lórí ṣọ́ọ̀kì, a sì tún ìdúró táyà ṣe. Owó rẹ̀ ju owó irin lọ fíìfíì. Ariwo dópin. Lẹ́yìn tí ara ọkọ̀ ti yá, mo tún de irin náà. Kí n má purọ́, ìyàtọ̀ tí mo rí kò ju pé sítíárìn gbọ́ràn díẹ̀ sí i ní kọ́nà. Ohun tí ó lè ṣe nìyẹn.

ÌMỌ̀RÀN MI FÚN YÍN

Èkíní, kí ẹ tó ra irin, ẹ fọ ilé ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, kí ẹ tan iná wò wọ́n lókè àti nísàlẹ̀, pàápàá ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin. Bí ọ̀dà bá là tàbí tí irin bá dógùn-ún, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́.

Èkejì, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ lé orí ilé ṣọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tàbí tí ó ń ta lábẹ́ ọwọ́ yín, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì ti kú. Ẹ tún wò ó bóyá òróró ń jò lára ṣọ́ọ̀kì, tàbí bóyá táyà ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀kẹta, irin tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an ni kí ẹ rà. Ètò ẹsẹ̀ iwájú Honda Accord ti ọdún 1998, fún àpẹẹrẹ, kò rí bí ti Corolla.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àárín. Àwọn tó kù, ẹ fún wọn dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ yín sọ, torí bí ó bá pọ̀ jù, bóòtì lè já. Kí orí bóòtì sì yọ kọjá nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún yẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ kan gbá nǹkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ méjèèjì wò, nítorí irin ìdábùú lè gbé ìyà apá kan dé apá kejì.

Mo ti lọ bá àwọn olùkọ́ méjì yẹn nílé, mo sì ti sọ òtítọ́ fún wọn. Irin yìí kì í ṣe oògùn; ara tí ó le ni ó ń kún lọ́wọ́. Nísinsìnyí, bí mẹ́káníìkì àgbà wa bá ń kọjá lọ tí ó ní kí òun yẹ ọkọ̀ mi wò, àga ni mo ń gbé fún un.