Ẹ̀rọ Géèmù Àtijọ́ Nínú Ilé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùrà Mọ̀

  Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ fi abala yìí dáhùn ìbéèrè kan tí kò wọ́pọ̀ láàrin wa: báwo ni ènìyàn ṣe ń ra ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, kí ni ó sì ń dúró de ẹni tó bá gbé e wọlé?

Ẹ̀rọ tí à ń wí kì í ṣe kékeré tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣàn. Àpótí onígi gàgàrà ni, ó ga tó àgbàlagbà ọkùnrin. Ojú bíi ti tẹlifíṣàn wà láyà rẹ̀, ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì wà nísàlẹ̀ ojú náà, ihò tí a ń sọ owó sí sì wà lápá ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ó wà lẹ́nu òwò, owó ni a máa ń sọ sí i kí a tó ta géèmù. Ilé tí àwọn Òyìnbó máa ń to irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ni wọ́n ń pè ní arcade. Lónìí, ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Japan, àwọn ènìyàn ń ra èyí tí ó ti pẹ́ nínú wọn, wọ́n sì ń gbé e sí pálọ̀ tàbí gàráàjì wọn.

Ọpọ́n ayò tiwa ní ojúlé 12 àti ọmọ ayò 48. Bí ọmọ ayò kan bá sọnù, a ó wá òmíràn rọ́pò, eré á sì máa lọ. Ẹ̀rọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á kò ra eré nìkan. Ó ra iṣẹ́ àtúnṣe mọ́ ọn. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí á wá tú u palẹ̀.

IBI TÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ TI WÁ

Ní 1971 ni Nolan Bushnell àti Ted Dabney ṣe Computer Space ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù olójú tẹlifíṣàn tí a ń sọ owó sí tí wọ́n gbé wá sọ́jà. Ní 1972, ilé iṣẹ́ Atari tí àwọn méjèèjì dá sílẹ̀ gbé Pong jáde, ìgbà yìí ni òwò náà sì wá búrẹ́kẹ́. Ní 1978, Tomohiro Nishikado ti ilé iṣẹ́ Taito ní Japan ṣe Space Invaders. Ní 1980, Toru Iwatani ti ilé iṣẹ́ Namco ṣe Pac-Man, ẹni roboto aláwọ̀ ìyeyè tí kò mọ̀ ju kí ó máa jẹun kí ó sì máa sá fún iwin lọ. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Donkey Kong ti Nintendo dé.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Wọn kò ṣe àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fún inú ilé. Irinṣẹ́ oníṣòwò ni wọ́n. Oníṣòwò á ra ẹ̀rọ, á gbé e sí ilé ọtí tàbí ilé oúnjẹ, á sì máa wá kó owó inú rẹ̀, sẹ́ńtì 25 lẹ́ẹ̀kan ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn ènìyàn bá ti sú géèmù kan, oníṣòwò á tà á, á dà á nù, tàbí kí ó gbé géèmù mìíràn sínú àpótí kan náà. Nígbà tí ó di 1983, òwò géèmù dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó sì di àárín 1990 sí 1999, ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń lò nílé ti lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọdé kò fi rí ìdí tí wọ́n fi ní láti máa gbé owó lọ síta mọ́. Báyìí ni àpótí ńláńlá di ọjà àlòkù.

Ṣùgbọ́n nítorí pé irinṣẹ́ oníṣòwò ni, wọ́n ṣe é kí ó ṣe é tú kí ó sì ṣe é tún ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí, kọ́kọ́rọ́ wà fún un, ìwé tí ó bá ọ̀pọ̀ nínú wọn wá sì ní àwòrán bí iná ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí ló jẹ́ kí èyí tí wọ́n ṣe ní ohun tí ó lé ní 40 ọdún sẹ́yìn ṣì lè máa ṣiṣẹ́ dòní.

ORÍṢI MẸ́RIN TÍ OLÙRÀ YÓÒ BÁ PÀDÉ

Èkíní ni ògidì, èyí tí àpótí, ojú, páńẹ́ẹ̀lì àti àwòrán ara rẹ̀ jẹ́ ti géèmù kan ṣoṣo láti ilé iṣẹ́ wá. Òun ni owó rẹ̀ máa ń ga jù, ìdí sì wà níbẹ̀. Ẹ wo Space Invaders onídùúró: ojú ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀ nínú àpótí ni, dígí ló ń gbé àwòrán rẹ̀ sókè kí ó lè hàn lórí àwòrán òṣùpá tí wọ́n kùn sẹ́yìn. Bí a bá yọ dígí àti àwòrán yẹn kúrò, géèmù náà ṣì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Taito ṣe ni ẹni náà ń wò mọ́.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ti pa dà. Àwọn oníṣòwò ló ṣe èyí láyé ọjọ́un kí owó má baà dúró. Ní 1985, ẹgbẹ́ àwọn aṣẹ̀rọ ní Japan fi ìlànà kan lélẹ̀ tí à ń pè ní JAMMA: gbogbo páńẹ́ẹ̀lì tó bá tẹ̀ lé e ń lo ojú ìsowáyà 56 kan náà, tí ó fi jẹ́ pé a lè fa géèmù kan yọ kí á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa dà kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú, ó sì rọrùn fún ẹni tó fẹ́ máa pààrọ̀ géèmù. Ohun tí kò dára ni kí a san owó ògidì fún un.

Ẹ̀kẹta ni àpótí àtijọ́ tí wọ́n ti kó inú rẹ̀ dà nù, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà rọ́pò. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí ó ń jẹ́ MAME, tí ó jáde ní 1997, ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà, ṣùgbọ́n àwọn géèmù tí a ń fi sínú rẹ̀ ní olówó.

Ẹ̀kẹrin ni tuntun tí wọ́n ṣe ní àwòkọ ti àtijọ́, bí irú èyí tí ilé iṣẹ́ Arcade1Up bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 2018. Ó kéré sí ti àtijọ́, ó fúyẹ́, ojú pẹlẹbẹ ló sì ní. Ẹni tó bá jẹ́ pé eré nìkan ló ń wá, tí kò sì fẹ́ wàhálà àtúnṣe, ibí yìí ni kí ó yà sí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ÀYẸ̀WÒ KÍ OWÓ TÓ JÁDE LÁPÒ

Kí olùrà má ṣe ra èyí tí kò bá tàn lójú rẹ̀, àfi bí ó bá mọ̀ pé òkú ẹ̀rọ ni òun ń rà, tí iye rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ó wà ní títàn fún bíi wákàtí kan. Àléébù tó sá pamọ́ nígbà tí ẹ̀rọ tutù máa ń yọjú bí ara rẹ̀ bá ti gbóná.

Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí wọ́n pa á, kí ó sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ìyẹ̀fun kan wà lẹ́yìn gíláàsì náà tó máa ń tàn bí iná bá ti ń lù ú. Bí àwòrán kan náà bá dúró síbi kan náà fún ọdún púpọ̀, ibẹ̀ á jó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Pac-Man ni a lè rí àpá ògiri géèmù náà lójú rẹ̀ nígbà tí kò sí iná rárá. Àpá yìí kò ṣe é fọ̀.

Kí ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí àpótí. Pákó tí wọ́n fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí omi bá sì ti kàn án, á wú, á sì máa fọ́ bí àkàrà gbígbẹ. Kí ó ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé wáyà tí wọ́n gé wà níbẹ̀? Ṣé bátìrì wà lára páńẹ́ẹ̀lì? Robotron tí Williams ṣe ní 1982 ń lo bátìrì mẹ́ta bíi ti tọ́ọ̀ṣì kékeré láti fi rántí iye tí ẹni tó gbégbá orókè jẹ. Bí a bá gbàgbé wọn síbẹ̀, omi inú wọn á jò, á sì jẹ páńẹ́ẹ̀lì náà run. Ti àwọn páńẹ́ẹ̀lì CPS-2 tí Capcom bẹ̀rẹ̀ ní 1993 tún yàtọ̀: bátìrì ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí géèmù fi ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, géèmù kú. Àwọn tó mọṣẹ́ ti wá ọ̀nà láti jí i dìde báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ní ìparí, kí ó wọn ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ àti àtẹ̀gùn. Ẹ̀rọ onídùúró lè wúwo ju kílò 100 lọ. Ẹ̀rọ tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé ti di ohun ìní ita.

EWU TÓ WÀ NÍNÚ OJÚ RẸ̀

Kò sí ibi tí a fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí sí wa tó ibí yìí. Ojú ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ́ ti tẹlifíṣàn onídìí gbọọrọ. Iná tó ń wọ inú rẹ̀ lè tó fólítì 20,000, kì í sì í tán lójú ẹsẹ̀ tí a bá yọ ọ́ lára iná. Ó dà bí ejò tí a ti bẹ́ lórí, tí ẹnu rẹ̀ ṣì lè buni jẹ. Ẹni tó fi ọwọ́ lásán kan ibi tí kò yẹ lè kú, tàbí kí ó fò sẹ́yìn kí ó fọ́ gíláàsì náà mọ́ ara rẹ̀. Atúntẹlifíṣàn-ṣe tó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ mọ bí a ṣe ń kó iná náà sílẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Kí ẹlòmíràn má ṣe dán an wò.

TÍ Ó BÁ DI TỌ́KUNBỌ̀

Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun, ọ̀rọ̀ iná ni kí a kọ́kọ́ rò. Fólítì 120 ni ti Amẹ́ríkà, 100 ni ti Japan, 230 ni tiwa àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ki ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bọ iná tiwa tààrà ti fi owó jóná. Tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, tí agbára rẹ̀ sì ju ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ lọ, ni a gbọ́dọ̀ wá. Nítorí iná tó ń lọ sókè sódò, ó tún dára kí stabilizer wà láàrin. Kí a má sì gbàgbé eruku ọyẹ́, nítorí eruku tó bo páńẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù.

ÌTỌ́JÚ

Bí ẹ̀rọ bá ti délé tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn kapásítọ̀ inú ojú rẹ̀ máa ń gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwòrán á wá máa gbọ̀n tàbí kí ó súnkì. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹni tó mọ sódà í jó pààrọ̀ wọn. Kí a má fi fíúùsì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀, kí a má sì fi wáyà dí ojú rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá yọ kúrò, kí a kọ orúkọ sí i lára kí á tọ́jú rẹ̀.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti dáwọ́ ṣíṣe irú ojú bẹ́ẹ̀ dúró. Géèmù bíi Asteroids ti 1979 kò tilẹ̀ fi ojú tó dà bíi ti tẹlifíṣàn lásán ya àwòrán. Ìlà ni iná ń fà lójú rẹ̀, bí ẹni ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé, ọta ìbọn inú rẹ̀ sì ń tàn yanran lọ́nà tí ojú pẹlẹbẹ òde òní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fọ́ ọ̀kan, ọ̀kan ti dín nínú ìwọ̀nba tó kù láyé. Nítorí náà, kí ẹni tó ní i máa rí ara rẹ̀ bí alágbàtọ́ dípò kí ó rí ara rẹ̀ bí olówó.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ fojú rí wọn, kò di dandan kí ó rà. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé eré tí wọ́n ń pè ní The Strong wà ní Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, àkójọ àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn sì wà ní Funspot ní ìlú Laconia, New Hampshire. Ẹni tí ìrìn àjò bá gbé dé ibẹ̀, kí ó yà.

Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti pinnu pé òun yóò rà á, ìmọ̀ràn wa kò ju ọ̀kan lọ: kí ó kọ́kọ́ wá atúnṣe kí ó tó wá ẹ̀rọ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á; ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ti ẹ̀rọ yìí, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló ń gbà á là lẹ́yìn tí owó bá ti tán.