Àwòrán tí Ojú Rẹ̀ Kò Mọ́: Ẹ Má Tètè Dá Kámẹ́rà Lẹ́bi

Iṣẹ́ fọ́tò ti pẹ́ ní ìlú Accra. Láti ọdún 1922 ni olóògbé J. K. Bruce-Vanderpuije ti dá ilé fọ́tò Deo Gratias sílẹ̀ ní Jamestown. Ní àwọn ọdún 1950, James Barnor náà ní tirẹ̀, Ever Young, ní àdúgbò kan náà. Iṣẹ́ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí a lè wo ojú àwọn ará Accra ìgbà òmìnira, ní oṣù kẹta ọdún 1957, bí ẹni pé àná ni. Fíìmù wọ́n nígbà náà, ayàwòrán a sì ronú kí ó tó tẹ kámẹ́rà. Lónìí tí kámẹ́rà kò lo fíìmù mọ́, ẹnì kan a máa ya ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àwòrán níbi ìsọmọlórúkọ kan ṣoṣo, ìdajì rẹ̀ a sì rí bàìbàì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré lójú wa. Ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi jáde kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Ohun tí ènìyàn lè dì sínú àpótí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kò wúwo. Bí ojú bàbá bá wá dà bí èéfín nínú fọ́tò náà, kí ni ọmọ-ọmọ yóò fi dá a mọ̀?

Nítorí náà, kí ẹni tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́ gaara tó sáré lọ ra kámẹ́rà mìíràn ní Kwame Nkrumah Circle, kí ó kọ́kọ́ mú àwòrán náà tóbi lójú kọ̀ǹpútà, kí ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí ògiri, igi àti ènìyàn bá fà sí apá kan náà, ọwọ́ ayàwòrán ni ó gbọ̀n. Bí ògiri bá dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ń jó fà, oníjó ni ó yára ju kámẹ́rà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ ẹni ẹ̀yìn ni ó hàn kedere, tí ojú ìyàwó sì ṣú, ibi tí kò yẹ ni kámẹ́rà tẹjú mọ́. Bí ó bá sì dà bí ẹni pé ìkùukùu bo gbogbo rẹ̀, lẹ́ńsì ni kí a yẹ̀ wò.

Ọwọ́ tí ń gbọ̀n ni ó wọ́pọ̀ jù. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà nínú kámẹ́rà tí ń ṣí, tí ń pa, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Àwọn àgbà ayàwòrán ní òfin kan: bí gígùn lẹ́ńsì bá jẹ́ 50, kí ìlẹ̀kùn náà má ṣe ṣí pẹ́ ju 1/50 ìṣẹ́jú àáyá lọ, bí ó bá jẹ́ 200, kí ó má ju 1/200 lọ. Fún àwọn tí ń jó níbi ọdún Homowo, 1/500 ni a fẹ́. Ṣùgbọ́n ní Accra, láti ọdún dé ọdún, oòrùn kì í jìnnà sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí ó tó wọ̀, ilẹ̀ a sì ṣú kíákíá. Kámẹ́rà tí a fi sílẹ̀ kí ó máa dá ṣe ohun gbogbo yóò fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu láti wá ìmọ́lẹ̀. Ẹ gbé nọ́ńbà tí a ń pè ní ISO sókè sí 1600 tàbí 3200. Àwòrán náà lè ní hóró bí iyanrìn. Ó sàn bẹ́ẹ̀ ju ojú tí a kò dá mọ̀ lọ.

Ní ti ibi tí kámẹ́rà ń tẹjú mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yàn fúnra rẹ̀. Ẹ yan àmì kan ṣoṣo, ẹ gbé e sórí ẹyinjú tí ó súnmọ́ yín jù, ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì títí yóò fi mú un, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tán.

Ojú ọjọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà a máa bo ìlú, kò sì sí lẹ́ńsì olówó iyebíye tí ó lè ríran la eruku kọjá. Ẹ súnmọ́ ẹni tí ẹ ń yà. Iyọ̀ òkun ní Jamestown a máa lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku dànù kí ẹ tó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, nítorí iyanrìn a máa ha dígí. Ẹni tí ó bá sì gbé kámẹ́rà jáde láti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù nini yóò rí i pé omi sẹ̀ sí lẹ́ńsì lójú ẹsẹ̀. Kí ó fi í sínú àpò rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kí ó lè bá ooru ìta mu.

Bí gbogbo èyí kò bá tán ọ̀rọ̀ náà, ìdánwò kan wà tí olùkọ́ lè ṣe ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ gbé kámẹ́rà ka tábìlì, ẹ sì jẹ́ kí ó ya àwòrán fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí lẹ́tà inú ìwé náà bá hàn ketekete, kámẹ́rà kò jẹ̀bi. Bí kò bá hàn, ẹ tún un yà, kí ẹ fi ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà wò ó dípò ihò ìwòran. Bí èyí bá mọ́ tí ti ihò kò mọ́, a jẹ́ pé ẹ̀yà tí ń wọn jíjìnnà ohun nínú kámẹ́rà ti yẹ̀, alátùn-únṣe ni yóò bá a wí.

Ẹ má sì ṣe fi àwòrán tí ó gba orí WhatsApp wá ṣe ìdájọ́, nítorí fífún ni wọ́n ń fún un kí ó lè kéré. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ti ìyá rẹ̀ pamọ́, kí ó béèrè fún ti inú kámẹ́rà gan-an.