Àrùn Mẹ́dọ̀wú: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Yorùbá ní Whitby Mọ̀

Àrùn mẹ́dọ̀wú, tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítìsì, máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ láti inú wá. Ọtí àmujù lè fà á, oògùn àlòjù àti àwọn àgbo kan lè fà á, ṣùgbọ́n kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù láyé, òun sì ni ìwé yìí dá lé. Oríṣi kòkòrò márùn-ún ló wà, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n: A, B, C, D àti E. Ẹ̀dọ̀ ni gbogbo wọn ń bá jà, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. A àti E ń gba ẹnu wọlé, nínú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn. Wọ́n sábà máa ń dé, kí wọ́n sì lọ. B, C àti D ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé. B àti C lè jókòó sínú ara fún ogójì ọdún láìjẹ́ kí onílé mọ̀ pé àlejò wà nílé.

Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2024, ènìyàn mílíọ̀nù 254 ló ní mẹ́dọ̀wú B lára lọ́dún 2022, mílíọ̀nù 50 sì ní C. Àìsàn yìí pa ènìyàn mílíọ̀nù 1.3 lọ́dún náà. Ní Nàìjíríà, ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 rí B lára ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ó sì rí C lára ìdá 1.1. Bí àwọn méjìlá tí wọ́n dàgbà sí Nàìjíríà bá jókòó yí tábìlì kan ká níbi ìsọmọlórúkọ ní Whitby tàbí Ajax ní Ontario, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ọ̀kan nínú wọn ní B. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ B fi gba ààyè jù níhìn-ín.

Bí B ṣe ń fara pamọ́

Ọjọ́ orí tí kòkòrò náà bá ènìyàn ló ń pinnu ohun tí yóò ṣe. Nínú ọmọ jòjòló mẹ́wàá tó bá kó o, bíi mẹ́sàn-án ni kò ní lè lé e lọ mọ́. Nínú ogún àgbàlagbà tó bá kó o, kì í sábà ju ọ̀kan lọ tí yóò máa bá a gbé; ara àwọn yòókù yóò lé e fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá tó ní B lónìí, ìgbà ọmọdé ni wọ́n ti kó o: lọ́dọ̀ ìyá nígbà ìbí, lára ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lójú abẹ olóòlà, tàbí láti ara abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún ẹlòmíràn. Kì í ṣe ẹ̀rí ìṣekúṣe. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn láìnídìí.

Nígbà tí kòkòrò náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àwọn kan máa ń rí àárẹ̀, èébì, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ìtọ̀ tó ṣú àti ojú tó pọ́n, ohun tí wọ́n ń pè ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nílé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ kò rí nǹkankan, àwọn ọmọdé pàápàá. Ẹni náà yóò máa lọ síbi iṣẹ́, yóò máa wọ GO Train lọ sí Toronto láràárọ̀, ara rẹ̀ yóò sì le koko. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpá lè máa bo ẹ̀dọ̀ títí ẹ̀dọ̀ yóò fi gan. Ìgbà náà ni ikùn ń kún fún omi, tí ẹsẹ̀ ń wú, tàbí kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ yọjú. B tún ní ibi kan tí ó ti burú ju C lọ: ó lè fa jẹjẹrẹ láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ti kọ́kọ́ gan.

Ohun kan wà tó kan ilé ìdáná Yorùbá gan-an. Ẹ̀pà, àgbàdo àti èlùbọ́ tó bu lè ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Májèlé yìí nìkan tó láti fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bí ó bá wá bá B nínú ara kan náà, ewu náà ń di ìlọ́po ìlọ́po. Èlùbọ́ tí wọ́n dì sínú àpótí láti Ìbàdàn, tó dé Whitby tó ti bu tàbí tó ti ní àwọ̀ ewé lára, sísè kò lè sọ ọ́ di oúnjẹ rere mọ́. Dídànù ló yẹ ẹ́, bó ti wù kí owó ẹrù rẹ̀ pọ̀ tó.

Ohun tó ń ràn án, ohun tí kì í ràn án

Ẹ̀jẹ̀, àtọ̀ àti omi ojú ara obìnrin ló ń gbé B kiri. Ó ń gba ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù kọjá, ó ń gba abẹ́rẹ́ àpawọ́pọ̀lò kọjá, ó sì ń gba inú ìbímọ kọjá. Kòkòrò náà le: ó lè wà láàyè fún ọjọ́ méje ó kéré tán lórí nǹkan tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́. Nínú ilé, ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni bíléèdì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ohun ìgé-èékánná àti kílípà ìgẹrun. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gẹrun fúnra wọn nísàlẹ̀ ilé nítorí owó onígbàjámọ̀. Kílípà kan náà ló ń lọ láti orí bàbá dé orí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta, tí ó sì ń ha wọ́n lára lẹ́yìn ọrùn. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, tàbí kí wọ́n pa kòkòrò ara rẹ̀ dáadáa kó tó kan orí kejì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì fi bílíìṣì ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án fọ ibẹ̀. Gbẹ́rẹ́ sísín, etí lílu àti ara fínfín kò gbọ́dọ̀ wáyé pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn.

Jíjẹun nínú abọ́ kan náà kì í ràn án. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́, dídì mọ́ra, ikọ́, sísín àti ilé ìyàgbẹ́ àjọlò kì í ràn án. Yíya ṣíbí àti ife ẹni tó ní in sọ́tọ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ni wọ́n fi ń kan onítọ̀hún lásán.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Àjẹsára B ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kò sì sí ohun tó dáàbò bo ẹ̀dọ̀ jù ú lọ. Ní Nàìjíríà, ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ìkókó nínú ètò àjẹsára gbogboogbò, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà kò rí i gbà. Ti Ontario yàtọ̀. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ kíláàsì keje ní ilé ẹ̀kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́; ní Whitby, àwọn nọ́ọ̀sì Ẹ̀ka Ìlera ti Ẹkùn Durham ló ń ṣe é.

Àlàfo kan wà nínú ètò yìí tí ọ̀pọ̀ òbí kò fura sí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Oshawa tàbí Ajax lè pé ọdún méjìlá kí ó tó gba àjẹsára B, bẹ́ẹ̀ ó lè ti lo ìsinmi méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Abẹ́òkúta. Kí òbí tó ń múra ìrìn àjò béèrè àjẹsára náà lọ́wọ́ dókítà ṣáájú, bí ó bá tilẹ̀ gba owó. Ọmọ tó ti Nàìjíríà wá pẹ̀lú káàdì àjẹsára ní tirẹ̀ lè ti gba gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n mú káàdì náà lọ fi hàn, kí wọ́n má jù ú sẹ́yìn dúrọ́ọ̀.

Fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gún un láàárín oṣù mẹ́fà. Ọ̀fẹ́ ni ní Ontario fún ẹni tó ń bá ẹni tó ní B gbé ilé kan náà, àti fún olólùfẹ́ rẹ̀.

Aláboyún kọ̀ọ̀kan ní Ontario ni wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún B. Bí ó bá ní i, ọmọ rẹ̀ yóò gba abẹ́rẹ́ méjì láàárín wákàtí méjìlá tó wáyé: àjẹsára, àti èyí tó ní ọmọ ogun ara tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gba àjẹsára tó kù, tí wọn yóò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní nǹkan bí ọmọ ọdún kan. Bí kòkòrò bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, dókítà lè fún un ní tenofovir nínú oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún. Ìyá náà lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: pé wọ́n ti yẹ àwọn wò fínnífínní ní Èkó kí wọ́n tó fún àwọn ní ìwé ìgbélùú. Òótọ́ ni pé wọ́n yẹ wọ́n wò. Àwòrán àyà, HIV àti síífílísì ni àyẹ̀wò tí Kánádà ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo àgbàlagbà. Mẹ́dọ̀wú B kò sí lára ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. Ẹni tó bá gba ìwé ìgbélùú kò tíì gba ìwé ẹ̀rí pé òun kò ní B. Lọ́dún 2011, àwọn ògbógi ìlera àwọn aṣíkiri ní Kánádà dámọ̀ràn pé kí wọ́n yẹ ẹnikẹ́ni wò tó bá ti orílẹ̀-èdè wá níbi tí B ti wà lára ìdá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ti Nàìjíríà jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn. Síbẹ̀, dókítà tí kò bá rántí ibi tí aláìsàn rẹ̀ ti wá kò ní béèrè, nítorí náà aláìsàn ni yóò dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni wọ́n ń gbà. Ìbéèrè mẹ́ta ni yàrá àyẹ̀wò ń dáhùn: ṣé kòkòrò náà wà lára báyìí, ṣé ó ti wọlé rí kó tó jáde, ṣé ààbò wà. Ẹni tí kò ní in tí kò sì ní ààbò, àjẹsára ló kàn.

Ìtọ́jú

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní B ni yóò lo oògùn. Iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe sí àti bí àpá ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀ ni dókítà fi ń pinnu. Tenofovir tàbí entecavir, kóró kan lójúmọ́, ni wọ́n sábà ń fúnni; wọ́n ń tẹ kòkòrò náà rì, wọn kì í sábà lé e jáde pátápátá. Dídá oògùn náà dúró láìsọ fún dókítà léwu, nítorí kòkòrò náà lè padà dìde pẹ̀lú agbára tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní B tó sì fẹ́ gba oògùn jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú fún ìdí kan náà. Láti tètè rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, wọ́n máa ń fi skáànù wo ẹ̀dọ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ èyí ní kékeré fún ẹni tí wọ́n bí sí Áfíríkà ju fún àwọn ẹlòmíràn lọ.

Àgbo ń kọ́? Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, tí wọ́n ń tà fún jẹ̀díjẹ̀dí tàbí fún ẹ̀dọ̀ fífọ̀, ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn ni yóò tún ru ẹrù rẹ̀. Kò tíì sí àgbo tí ìwádìí fi hàn pé ó lé B lọ. Parasitámọ̀ náà ní ìwọ̀n: kí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá béèrè iye tí òun lè lò.

Ti C rọrùn jù báyìí lọ. Kò ní àjẹsára, àmọ́ ó ní ìwòsàn. Oògùn oníkóró fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo ẹni tó ju 95 lọ sàn nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọdún 2018, Ontario kò béèrè pé kí ẹ̀dọ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́ kí ètò oògùn ìjọba tó san owó rẹ̀. Ètò Trillium ti ìjọba Ontario tún wà fún ìdílé tí owó oògùn wọ̀ lọ́rùn. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ sára ní Kánádà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò C lọ́dún 1990, tàbí tó gbà á ní Nàìjíríà nígbàkúùgbà, kí ó béèrè àyẹ̀wò C pẹ̀lú ti B. D kì í dá rìn. Ẹni tó ní B nìkan ló lè kó o, nítorí náà àjẹsára B ló ń dènà rẹ̀.

A àti E lójú ìrìn àjò

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá ti kó A ní kékeré, wọn kò sì lè kó o mọ́. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Kánádà ni kò ní ààbò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára A kan ṣáájú ìrìn àjò ń dáàbò bo ọmọ, èkejì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sì ń mú kí ààbò náà pẹ́. Omi sísè àti ọwọ́ fífọ̀ ló ń dènà E, tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Borno lọ́dún 2017. Aláboyún ni E ń pa jù, nítorí náà kí aláboyún tó ń relé ṣọ́ omi tó ń mu.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà

Dókítà ìdílé lè kọ àyẹ̀wò náà, OHIP, ètò ìlera ìjọba Ontario, sì ń san owó rẹ̀ bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Ẹni tí kò ní dókítà lè pe 811, tàbí kí ó béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀ka Ìlera Ẹkùn Durham ní 605 Rossland Road East, Whitby. Bí ọ̀rọ̀ bá le, dókítà lè fi aláìsàn ránṣẹ́ sí Toronto Centre for Liver Disease ní Toronto General Hospital. Bí àyẹ̀wò bá rí B tàbí C, òfin sọ pé kí yàrá àyẹ̀wò jẹ́ kí ẹ̀ka ìlera mọ̀, nọ́ọ̀sì yóò sì pe ẹni náà. Ìpè yẹn máa ń já ọ̀pọ̀ láyà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe ti ìwé ìgbélùú: àwọn ará ilé tó nílò àjẹsára ni nọ́ọ̀sì ń wá. Ẹni tó ti di olùgbé títí ayé kì í pàdánù ìwé rẹ̀ nítorí àìsàn.

Èébì ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú, ikùn tó ń wú kíákíá, tàbí kí ẹni tójú rẹ̀ pọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, pàjáwìrì ni gbogbo wọn. Ilé ìwòsàn Lakeridge Health tó wà ní Whitby kò ní ẹ̀ka pàjáwìrì. 911 ni kí wọ́n pè, tàbí kí wọ́n gbé aláìsàn náà lọ sí ti Oshawa tàbí ti Ajax.