Ẹ̀kọ́ Ìwé fún Àwọn Àgbà Inú Agbo Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa tí ó ti darúgbó ni, pàápàá àwọn tí ń gbé ní ìlú bí Ìjàgbó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, tí kò jìnnà sí Ọ̀fà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ti fọ́n ká sí Ìlọrin, sí Èkó, sí Àbújá àti sí òkè òkun. Àwọn àgbà ni ó kù tí ń ṣọ́ agbo ilé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ díẹ̀. A ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn, a ń ra aṣọ fún wọn, a sì ń gbàdúrà kí ẹ̀mí wọn gùn. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ni ó ti bi ìyá rẹ̀ léèrè rí pé, “Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ kọ́?”

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí, kí ó rántí ohun tí ojú wa rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó 200 náírà, 500 náírà àti 1,000 náírà. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2023 fi wọlé, owó bébà ti di ohun àwátì. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi owó ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù ṣì rí ọ̀nà ra oúnjẹ; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ìyà náà pọ̀ fún jù. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà. Ìyà náà ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá.

Àgbà tí kò lè ka iye owó tí ó wà lójú tẹlifóònù rẹ̀, dandan ni kí ó fi nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ẹni náà bá jẹ́ olóòótọ́, a dúpẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀. Bàbá tí ó tẹ̀ka sí ìwé tí kò lè kà lè ta ogún ọmọ rẹ̀ láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹni tí a fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni a ní kí òun lò ó lójúmọ́, ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò kà á fún un.

Kíkọ́ àgbà ní ìwé kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn ní ohun tí wọn yóò máa kà ní èdè wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, àgbàlagbà ni ó ń jókòó ti A B D kí a tó ṣe ìrìbọmi fún un. Láàárín àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú, títí di òní ni a ń rí àwọn ìyá tí irun wọn ti funfun ní ilé kéú àti ní àsálátù ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n ń kọ́ àwọn súrà tí wọn kò rí àyè kọ́ ní ìgbà èwe. Nígbà tí Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀ wà lábẹ́ Ìjọba Ìhà Àríwá, ìjọba náà dá ìpolongo kan sílẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, tí a pè ní Yaki da Jahilci, èyíinì ni ogun sí àìmọ̀kan. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìpolongo mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1990 ni a sì fi òfin dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀. Ọ̀nà ti là. Àwa ni ó kù kí a tọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin ará Kenya kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kimani Maruge. Ní ọdún 2003 ni ìjọba ilẹ̀ náà sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004, ọkùnrin yìí, ẹni 84 ọdún, wọ aṣọ ilé ìwé, ó sì lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú Eldoret, nítorí ó fẹ́ ka Bíbélì fún ara rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ owó í kà. Rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ìparí ọdún 2007 lé e kúrò nílé lọ sí inú àgọ́, síbẹ̀ kò fi ìwé sílẹ̀. Ní ọdún 2008 ó lọ gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Nairobi. Láti ibẹ̀ ni ó tún ti ń lọ sí ilé ìwé. Ó kú ní ọdún 2009. Nítòsí wa níhìn-ín, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹni tí ó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristi ní National Open University ní ọdún 2018, nígbà tí ó ti pé ẹni 80 ọdún. A kò sọ pé kí gbogbo ìyá àgbà gba oyè. Ohun tí a ń sọ ni pé ọjọ́ orí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn òyìnbó ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1973, fún ẹ̀kọ́ àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ará Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ tiwọn láàárín ọdún 1981 sí 1982, ṣùgbọ́n wọ́n yí i padà díẹ̀: kò sí ìdánwò, kò sí oyè, ẹni tí ó mọ nǹkan a kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ kò rí i pé ètò yìí bá agbo ilé Yorùbá mu? Ilé ìtọ́jú arúgbó bí èyí tí ó wà ní Yábà kò pọ̀ láàárín wa. Agbo ilé ni ilé àwọn àgbà tiwa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Báwo ni kí a ti ṣe é ní Ìjàgbó? Èkíní, kí a yẹ ojú wò. Láti nǹkan bí 40 ọdún ni ojú ènìyàn ti ń kọ̀ láti rí ohun tí ó súnmọ́ ọn dáradára. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ní orí òun kò gba ìwé mọ́, ojú ni kò ríran. Awò ojú ni yóò kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ rẹ̀. Èkejì, kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Kí orúkọ ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà nọ́ńbà 0 dé 9, lẹ́yìn náà owó orí tẹlifóònù, lẹ́yìn náà ìwé oògùn. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ ilé ìwé gíga tí ó wà ní ìsinmi máa kọ́ wọn fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bá fi àgbà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kò tún ní rí i ní kíláàsì mọ́. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn àgbà san ẹ̀san ní ti ìmọ̀: kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà ní oríkì ilé, ìtàn ìlú àti orúkọ ewé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Àwọn oníṣègùn pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Nínú àkójọ tí ìwé ìròyìn Lancet tẹ̀ jáde ní ọdún 2024, ohun 14 ni wọ́n kà tí ó lè mú kí iyè ènìyàn tètè ra. Dídáwà, ìwé tí a kò kà tó ní èwe, àti ojú tàbí etí tí a kò tọ́jú wà lára wọn. Kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí pé ẹni tí ó bá ń kàwé kò ní gbàgbé nǹkan láé, ṣùgbọ́n àgbà tí ó ń jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí a sì tọ́jú ojú rẹ̀, ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà.

Àwọn kan yóò ní, “Kí ni arúgbó fẹ́ fi ìwé ṣe, nígbà tí kò pẹ́ tí yóò fi lọ?” Ìdáhùn wa ni pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tirẹ̀, àti pé ní ọjọ́ kan péré tí ìyá bá ka ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ sí i, láìbẹ ẹnikẹ́ni, ìyá náà ti gba ọlá rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ìjàgbó àti ti gbogbo ìlú wa, nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé fún ọdún, ẹ má ṣe mú aṣọ àti búrẹ́dì nìkan wá. Ẹ mú awò ojú wá, ẹ mú ìwé alálẹ́tà ńlá wá, kí ẹ sì jókòó ti àwọn òbí yín fún wákàtí kan.