Kọ̀ǹpútà wo ló pọ̀ jù nílé àwọn ará Lomé?

Ẹ bi ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Dékon, ní Lomé, pé èwo làwọn ará ìlú ń lò jù. Kíá ló máa fèsì pé HP ni. Ẹ dé ìsọ̀ kejì, onítọ̀hún lè búra pé Dell ni. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọjà tó wà níwájú kálukú ló ń sọ.

Ta ló wá kà wọ́n? Ìkànìyàn ọdún 2022 sọ pé èèyàn 8,095,498 ló wà ní Tógò, ṣùgbọ́n akànìyàn kì í dojú kọ̀ǹpútà dé láti wo orúkọ tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rí kéékèèké ló kù tá a lè fi ṣèdájọ́, ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ló sì ní apá ibi tó máa ń tẹ̀ sí. Kẹ́ni tó ń wádìí tó ka ohunkóhun, kó kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tí nǹkan náà gbà kó tó débi tí òun ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí tábìlì ìsọ̀. Latitude ti Dell, EliteBook ti HP àti ThinkPad ti Lenovo ló máa ń pọ̀ nínú tòkunbọ̀. Kì í ṣe pé ará Lomé kan ló yàn wọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á sì ta èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn lópo. Àṣàyàn ọ̀gá ọ́fíìsì Yúróòpù láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn lẹ ń wò lórí tábìlì yẹn. Kíbọ́ọ̀dù gan-an ń tú àṣírí: bí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà òkè bá jẹ́ AZERTY, ó ṣeé ṣe kó ti Faransé tàbí Belgium wá, kí QWERTZ wá láti Jámánì, kí QWERTY sì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Èyí tó ń tà wàràwàrà kì í pẹ́ lórí tábìlì, nítorí náà ẹni tó bá lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ àwọn tí kò tà ló máa kà.

Ìsọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe burú jù fún irú ìwádìí yìí. Ẹni tó bá ka èyí tó wà níbẹ̀ dà bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tó wá ní gbogbo ìlú ló ń ṣàìsàn. Èyí tí ìdè tó so ojú rẹ̀ mọ́ kíbọ́ọ̀dù kò lágbára á kún ibẹ̀, èyí tí kì í bà jẹ́ á sì jókòó sílé ní tirẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ṣájà ni ẹ̀rí tó dára jù wà. Oníṣòwò kì í ná owó sórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè. Ẹnu ṣájà sì yàtọ̀ síra: ti ọ̀pọ̀ HP ní àwọ̀ búlúù, ti Dell ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín, ti Lenovo sì rí pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin. Èyí tí wọ́n ń tà jù lọ́sẹ̀ ń tọ́ka sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn èèyàn. Àbùkù tirẹ̀ ni pé àwọn kọ̀ǹpútà tuntun ti ń lo USB-C, tí gbogbo wọn jọ ń pín, nítorí náà wọn ò ní hàn nínú kíkà yìí.

Ìwé àwọn aṣọ́bodè ńkọ́? Abẹ́ nọ́ńbà 8471.30 ni wọ́n ń kọ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò wúwo ju kílò mẹ́wàá lọ sí. Iye owó àti ìwọ̀n ló wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe é kò sí. Yàtọ̀ síyẹn, èbúté Lomé ni ọ̀pọ̀ ẹrù Burkina Faso, Niger àti Mali ń gbà kọjá, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ló ń dúró ní Lomé.

StatCounter, tó ń ka ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn ṣí, lè sọ fún yín pé Windows ni kọ̀ǹpútà kan ń lò, ṣùgbọ́n kò mọ HP yàtọ̀ sí Dell. Mac nìkan ni orúkọ rẹ̀ ń hàn.

Àwọn kan á ní ká ṣáà ka púpọ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá ka ọgọ́rùn-ún, tí ogójì jẹ́ HP, àṣìṣe lè tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún síwá tàbí sẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ka irínwó, á dín kù sí nǹkan bí ìdá márùn-ún. Ìyẹn dára, àmọ́ kò tún ohun tó tẹ̀ ṣe. Irínwó kọ̀ǹpútà láti orí tábìlì kan náà á kàn jẹ́ kí àṣìṣe yín dá yín lójú sí i ni.

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan ti rí ọ̀nà míì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn amí sọ pé Jámánì ń ṣe táǹkì ogun 1,550 lóṣù, ní oṣù kẹfà ọdún 1941. Àwọn onímọ̀ ìṣirò wo nọ́ńbà tó wà lára àwọn táǹkì tí wọ́n gbà, wọ́n ní 244 ni. Lẹ́yìn ogun, ìwé àwọn ará Jámánì fi hàn pé 271 ni. Bẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà márùn-ún, tí èyí tó ga jù jẹ́ 200, ẹ pín 200 sí márùn-ún, ẹ fi 40 yẹn kún 200, ẹ yọ ọ̀kan: nǹkan bí 239 ni gbogbo wọn.

Ọgbọ́n yẹn náà ni Michael Steil, tó ń ṣèwádìí nípa àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, fi wo Commodore 64, kọ̀ǹpútà ilé tó jáde lọ́dún 1982. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé mílíọ̀nù 17 ni wọ́n tà. Jack Tramiel tó dá ilé iṣẹ́ Commodore sílẹ̀ tiẹ̀ ní ó ju mílíọ̀nù 20 lọ. Nọ́ńbà tó wà lára wọn gbé Steil dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5. Ọgbọ́n yìí kò lè ràn wá lọ́wọ́ ní Lomé, torí gbogbo ayé ni wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpútà òde òní fún, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì tẹ̀ lé ara wọn fún ìlú kan.

Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ wá ẹ̀rí méjì tí àbùkù wọn kò jọra. Bí ẹni tó ń ta ṣájà bá sọ ohun kan, táwọn ọmọ yunifásítì tẹ́ ẹ rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn náà sì fi ohun kan náà hàn, ẹ lè gbà á. Bí wọ́n bá takora, ẹ má gba ọ̀kankan. Bẹ́ ẹ bá sì ń lọ ra tiyín ní Dékon, ẹ kọ́kọ́ bi oníṣájà tí kì í ta kọ̀ǹpútà bóyá ó ní ṣájà irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà, kẹ́ ẹ tó sanwó.