Ṣé o mọ̀? Abẹ́ òkè ńlá ni òkúta Parakou ti dá

Pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ Parakou ní Benin lọ, ṣùgbọ́n òkúta abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe òkúta ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Gíránáìtì ni, àti náìsì onílà dúdú òun funfun. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú ooru àti ìnira, ni irú wọn ti ń dá.

Òkun kan ti wà ní ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀ rí. Àwọn òkúta gbígbóná tó wà lábẹ́ èèpo ayé ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù, wọ́n sì ń gbé ilẹ̀ rìn. Nígbà tó yá, ìsàlẹ̀ òkun náà rì wọ abẹ́ ilẹ̀ tán. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 600 sẹ́yìn, ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àtijọ́ wá kọlu èyí tó di Benin àti Nàìjíríà lónìí. Ìkọlù yìí gbé òkè ńlá dìde, abẹ́ rẹ̀ sì ni òkúta Parakou ti dá. Òkè Atacora ni àpá rẹ̀ tó hàn jù. Ní òkè Lato ní Togo, ẹ ó rí òkúta tí ìkọlù yìí tẹ̀ rì tó nǹkan bíi kìlómítà 90 kó tó tún gòkè padà!

Òjò àti odò ti bó èyí tó pọ̀ jù nínú òkè ńlá náà kúrò. Àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà ní Benin, tí àwọn èèyàn wa sá gùn nígbà ogun Dahomey, wà lára òkúta tó le jù, tí òjò àti odò kò tíì lè bó kúrò.

Ilẹ̀ tún là gbọọrọ láti Kandi ní Benin lọ sí gúúsù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti tọpa lílà yìí dé Sobral ní Brazil, nítorí òkun Atlantic kò tíì sí nígbà tó ṣẹlẹ̀.